Bíṣọ́ọ̀bù àti Alábòójútó: Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Kan Lẹ́nu Yorùbá

Lára pátákó ìjọ ní Ṣáṣá, Alimosho, a lè ka bíṣọ́ọ̀bù, a sì lè ka alábòójútó. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ṣoṣo, episkopos, ‘ẹni tí ń bojú tó nǹkan’, ni orísun méjèèjì. Ní Áténì àtijọ́, aṣojú ìjọba tí a rán sí ìlú abẹ́ wọn ni. Nínú Bíbélì Yorùbá, alábòójútó ni ní Ìṣe 20:28, bíṣọ́ọ̀bù ní 1 Tímótì 3:2. Ní 1864 tí a fi Ajayi Crowther joyè, ọ̀rọ̀ àyálò ni a fi pè é. Lónìí, alábòójútó pẹ̀lú ti di oyè. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí ó gbọ́ ọ ṣì ń gbọ́ iṣẹ́ nínú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kò sọ iṣẹ́ kankan fún un.