Pélé Ìyá Nínú Fọ́tò Oní-píksẹ́lì

Nígbà tí ìrántí ọdún kẹwàá ìyá tó bí ìyá mi ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan kọ̀wé sórí gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa pé kí n bá wa ṣe fọ́tò Ìyá tí gbogbo wa máa fi ṣe DP. Kì í ṣe fọ́tò lásán o. Irú èyí tó dà bíi géèmù àtijọ́ ló fẹ́, tí ojú èèyàn máa jẹ́ àpótí-àpótí bíi ti Mario. "Ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà," ló sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ mi mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ni wàhálà máa ń gbà wọlé.

Fọ́tò kan ṣoṣo la ní tí ojú Ìyá hàn dáadáa níbẹ̀. Onífọ́tò kan ní Ìkòròdú ló yà á. Ìyá jókòó sórí àga, wọ́n we gèlè, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, wọ́n sì ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ bá a wí. Mo fi fóònù ya fọ́tò náà, mo kọ kóòdù bíi ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Python, mo ní kí kọ̀ǹpútà fún un wọ inú àpótí 32 ní ìbú àti 32 ní òró, pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́jọ péré. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Ó dára lójú mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba ọ̀nà Ìtòíkin lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ àǹtí mi, àkọ́bí Ìyá. Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n nà án jìnnà, wọ́n tún fà á mọ́jú.

"Ta nìyí?"

"Ìyá ni, mà."

"Ìyá ta?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín. "Pélé wọn dà?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Pélé Ìjẹ̀bú ni Ìyá ní, ìlà kúkúrú mẹ́ta lóòró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú fọ́tò gidi, ó hàn kedere. Nínú tèmi, kọ̀ǹpútà ti pò ó mọ́ ara ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ ti di àwọ̀ kan náà. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé nínú àwọ̀ mẹ́jọ, gèlè nìkan ti kó mẹ́rin lọ, torí pé òun ló gba àyè jù. Ojú Ìyá ṣẹ́ méjì. Iye ni kóòdù mi ń kà, kò sì mọ èyí tó ṣe pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ àǹtí mi yìí ló jẹ́ kí n lọ wá ìtàn iṣẹ́ náà. Mo ti rò pé ọ̀dọ̀ àwọn onígéèmù ló ti bẹ̀rẹ̀, àṣé fọ́tò ẹbí ti ṣíwájú Mario. Lọ́dún 1957, ní iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní National Bureau of Standards, Russell Kirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó lè ka fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà. Fọ́tò tí Kirsch gbé sí i ni ti Walden, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta. Píksẹ́lì 176 ní ìbú, 176 ní òró. Dúdú àti funfun nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀, kò mọ eérú. Nígbà tí Kirsch dàgbà, ó kábàámọ̀ pé òun fi onígun mẹ́rin ṣe píksẹ́lì, ó sì tún gbìyànjú láti wá irú mìíràn kó tó kú lọ́dún 2020. Èmi tí onígun mẹ́rin jí pélé ìyá mi gbé, mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́dún 1973, Leon Harmon tó ti ṣiṣẹ́ ní Bell Labs gbé fọ́tò Ààrẹ Abraham Lincoln jáde nínú ìwé ìròyìn Scientific American. Ó ti dín fọ́tò náà kù sí àpótí eérú tí kò pé ọ̀ọ́dúnrún. Téèyàn bá sún mọ́ ọn, kò ní rí nǹkan kan. Tó bá jìnnà tàbí tó fún ojú pọ̀, Lincoln á yọ. Ohun tí mo fẹ́ ká kíyè sí ni pé Lincoln ni Harmon lò. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń rí ojú ọkùnrin yẹn lórí owó lójoojúmọ́. Ẹni tí kò rí i rí, àpótí eérú lásán ló máa rí. Orí ẹni tó ń wò ó ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Àmọ́ orí àǹtí mi mọ ojú ìyá wọn ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, wọn ò sì dá a mọ̀, torí ohun tí ojú wọn ń wá kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó yé mi jù nínú ìtàn yìí ni Susan Kare. Obìnrin ayàwòrán ni, òun ló ya àwọn àwòrán kéékèèké inú Macintosh tí Apple gbé jáde ní 1984. Ó ń fi ìwé tí wọ́n ti fi ìlà pín sí àpótí ṣiṣẹ́, irú èyí tí a fi ń ya gíráàfù ní kíláàsì ìṣirò. Lọ́dún 1983, ó ya ojú Steve Jobs sínú àpótí 32 sí 32, dúdú àti funfun péré. Kò pẹ́ tí gbogbo àwọn tó ń ṣe Macintosh náà fi fẹ́ kó ya tiwọn. Ẹ wò ó, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀ mí fún gan-an nìyẹn! Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Kare kò fún fọ́tò pọ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pinnu pé dúdú ni tàbí funfun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Shigeru Miyamoto ṣe nígbà tó ya Mario lọ́dún 1981. Àyè kò gba ẹnu, ó fún un ní irunmú. Irun orí le láti yà, ó dé e ní fìlà. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, irunmú yẹn ni ilà ojú Mario.

Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, Nokia 3310 kó píksẹ́lì dé ọwọ́ wa ní Ìkòròdú, 84 ní ìbú, 48 ní òró, a sì ń fi ejò inú rẹ̀ ta ayò títí bátìrì á fi kú. Lẹ́yìn náà ni CryptoPunks dé ní 2017, ojú 10,000 tí kóòdù tò pọ̀, 24 sí 24, àwọn yẹn ló sọ fọ́tò oní-píksẹ́lì di àṣà DP káàkiri ayé. Mo yẹ àwọn nǹkan tí wọ́n lè fi sójú wò. Fìlà wà níbẹ̀, awò ojú wà níbẹ̀, àmì dúdú kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Pélé kò sí. Mi ò dá wọn lẹ́bi, wọn ò mọ Ìyá.

Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ olónà láti ayébáyé lórí òfì tó dúró lóòró, aṣọ tí àwọn Òṣùgbó ń gbé lé èjìká. Ọ̀nì, ejò àti ọ̀pọ̀lọ́ wà lára rẹ̀. Òwú òró àti òwú ìbú ti pín aṣọ náà sí àpótí, ìlà kò lè tẹ̀ kọrọdọ, àfi kó gùn bí àtẹ̀gùn. Mi ò wá sọ pé àwọn baba wa ló dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀ o, irú ìyẹn ti pọ̀ jù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo rí ni pé ahunṣọ kò fún ọ̀nì gidi wẹ́wẹ́. Ó mọ ohun tó ń jẹ́ ká mọ̀ ọ́n ní ọ̀nì, ìrù, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹnu gígùn. Ó ka òwú fún ìwọ̀nyẹn, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Ni mo bá pa kóòdù mi tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òwú. Ìlà mẹ́ta pẹ̀lú àlàfo méjì láàárín wọn, píksẹ́lì márùn-ún nìyẹn. Nínú 32, mẹ́ta péré ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá ní. Mo gòkè lọ sí 48, ó di mẹ́rin. Tí mo bá lọ sí 64, kò ní dà bíi géèmù mọ́. Mo bu ẹyọ kan kúrò ní ẹ̀gbẹ́ imú lọ́tùn-ún, mo bu ẹyọ kan lósì. Mo yọ yẹtí. Mo gba àwọ̀ méjì lọ́wọ́ gèlè fún ojú. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é.

Kí n tó lọ fi han àwọn àǹtí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bi mí léèrè nípa fọ́tò gidi náà pé ṣé ó ti họ ni. Pélé ló ń tọ́ka sí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ní ká má kọ ilà fọ́mọ mọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Mi ò bá òfin náà jà, mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé abẹ lé ojú ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kò sí ojú kankan nílé wa mọ́ tí mo lè nawọ́ sí kí n sọ fún un pé bó ṣe rí nìyí.

Ní Ẹ̀pẹ́, àwọn àǹtí wo tuntun náà pẹ́. "Ehn-ehn. Ìyá nìyí." Wọ́n tún wò ó. "Ṣùgbọ́n ìlà àárín ti apá òsì gùn ju méjì yòókù lọ. Wọ́n ní wọ́n jà nígbà tí olóólà dé ibẹ̀."

Mo wo fọ́tò gidi. Òjìji gèlè ti bo ibẹ̀, kò hàn. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù lórí itan mi ní pálọ̀ wọn, mo fi píksẹ́lì kan kún ìlà àárín.