Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Yunifásítì Nàìjíríà àti Ìjà Lórí Owó Ẹ̀kọ́

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí ASUU, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, láti ìgbà náà wá ni ó sì ti ń bá ìjọba kan tẹ̀lé òmíràn, ìbáà ṣe ti ológun, ìbáà ṣe ti alágbádá, jìjàkadì pé owó tí ìlú ń ná sórí ilé ẹ̀kọ́ gíga kò gbọdọ̀ máa joro nígbà tí àwọn ọmọ tí ń wá ẹ̀kọ́ ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nítorí owó oṣù nìkan ni àwọn olùkọ́ fi ń daṣẹ́ sílẹ̀. Owó oṣù wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àwọn àdéhùn ńláńlá tí ẹgbẹ́ yìí ti bá ìjọba tọwọ́ bọ̀ yóò rí i pé owó ìtọ́jú yunifásítì fúnra rẹ̀ ni gbòǹgbò ìjà náà.

Ṣáájú ASUU, ẹgbẹ́ kan ti wà láti ọdún 1965 tí ó kó àwọn olùkọ́ jọ láti Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, Ifẹ̀ Oòdáyé, Èkó Àkéte, Nsukka àti Zaria. Owó kò wọ́n yunifásítì nígbà náà bí ó ti wá wọ́n wọn lẹ́yìn náà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, tí ó sì di ọdún 1986 tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SAP kalẹ̀, iye náírà wó lulẹ̀, ìwé tí à ń kó ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n gógó, ohun èlò yàrá ìwádìí bàjẹ́ láìsí owó àtúnṣe, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì kẹ́rù wọn, wọ́n gba ilẹ̀ òkèèrè lọ. Àwọn baba wa ti wí i pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ wà lára ohun tí ọ̀bẹ kọ́kọ́ bà.

Ní ọdún 1988, ẹgbẹ́ náà daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń béèrè owó oṣù tí ó bá ìgbà mu àti òmìnira fún yunifásítì láti ṣàkóso ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjọba fòfin dè é, tí wọ́n sì gba ohun ìní rẹ̀. Festus Iyayi, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Benin, tí ó sì jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà ní àsìkò yẹn, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1990, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùkọ́ tún daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1992 lábẹ́ Attahiru Jega, ìjọba tún fòfin de ẹgbẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì. Àìrìnpọ̀ ejò ni ń jẹ ejò níyà. Àwọn wọ̀nyí rìn pọ̀, wọn kò tú ká, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ìjọba tí ó ní òun ti pa ẹgbẹ́ náà rẹ́ jókòó, ó bá àwọn olùkọ́ tọwọ́ bọ àdéhùn.

Nínú ìjà yìí ni owó orí ẹ̀kọ́ ti jáde. Òfin ọdún 1993 ni ó sọ ọ́ di dandan kí àwọn ilé iṣẹ́ tí a forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa mú ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn wá fún ẹ̀kọ́. Àpò tí wọ́n ń kó owó náà sí ni ó di TETFund ní 2011. Èyí ni mo kà sí iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ tí ASUU ṣe fún orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ wọ ọgbà yunifásítì ìjọba èyíkéyìí lónìí, ẹ ó rí orúkọ TETFund lára gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, lára ilé ìkàwé àti lára ilé ìwádìí; àwọn tí ń bú olùkọ́ pé wọ́n fẹ́ràn ìyanṣẹ́lódì jù, inú ilé tí ìyanṣẹ́lódì bí ni àwọn ọmọ wọn jókòó sí.

Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kan fara gbá nínú ìjà náà. Ní Ìlọrin Àfọ̀njá, yunifásítì ibẹ̀ lé olùkọ́ 49 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2001 nítorí pé wọ́n bá ẹgbẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa ni ó dá wọn láre ní 2009, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ.

Ọdún 2009 yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ tún tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun, nínú èyí tí a ti sọ pé kí ìdá 26 ó kéré tán nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná máa lọ sórí ẹ̀kọ́. Àdéhùn náà kò rí ẹni mú un ṣẹ. Ní 2012, ìgbìmọ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ lọ yẹ àwọn yunifásítì wò, wọ́n sì ròyìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí èrò kún dé ẹnu ọ̀nà, àti ibi tí wọ́n ti ń fi sítóòfù kẹrosíìnì ṣe iṣẹ́ iná yàrá ìwádìí. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje títí di oṣù kejìlá ọdún 2013 ni àwọn olùkọ́ fi wà nílé. Ìjọba ṣèlérí tírílíọ̀nù 1.3 náírà fún ọdún mẹ́fà, pé bílíọ̀nù 200 yóò ṣíwájú; ìyókù kò wá bí wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀. Àárín ìyanṣẹ́lódì náà ni Iyayi kú, ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lẹ́bàá Lokoja, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní Kano. Èèyàn ńlá lọ, ọ̀rọ̀ tí ó bá lọ sí ìpàdé kò sì tíì parí.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ilé ẹ̀kọ́ fi wà ní títì pa lọ́wọ́ ìyanṣẹ́lódì 2020, oṣù mẹ́jọ ni ti 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ìjọba dá owó oṣù àwọn olùkọ́ dúró. Oṣù mẹ́rin nínú rẹ̀ ni Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní 2023 pé kí wọ́n san. Nínú gbogbo èyí, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jìyà jù: ọmọ tí ó yẹ kí ó ṣe ọdún mẹ́rin ṣe mẹ́fà, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì dúró dè é. N kò ní fi èyí pamọ́ nítorí pé mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ̀bi jù ni ẹni tí ó tọwọ́ bọ ìwé tí kò sì mú un ṣẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé ìgbà wo ni yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣòfin yín pẹ̀lú pé èló ni ó fọwọ́ sí fún ẹ̀kọ́ nínú ìṣúná ọdún yìí.