Ìwé Pélébé Tó Sọ Àgọ́ Di Ìlú

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Ballarat, ìlú kan ní Victoria lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, orí wúrà tí wọ́n rí níbẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 1851 ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Èmi ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Wúrà a máa kó èrò jọ, àmọ́ ọjọ́ tí èrò bá gbọ́ pé ó wà níbòmíì ni wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ náà pàápàá ti ní onílẹ̀ tipẹ́tipẹ́: àwọn Wadawurrung ló ni ín, inú èdè wọn sì ni orúkọ ìlú náà, tí wọ́n ń túmọ̀ sí ibi ìsinmi, ti wá. Ohun tó sọ àjèjì tó ti Ireland, England, Jámánì àti Amẹ́ríkà wá di ará ìlú kan náà ni ìyà tí gbogbo wọn jọ jẹ lórí ìwé pélébé kan, láísẹ́ǹsì ìwakùsà.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1851 ni ìjọba ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ wa wúrà máa san ṣílè 30 lóṣooṣù. Ó rí wúrà o, kò rí o, dandan ni. Ní Ballarat, nígbà tí wúrà òkè ilẹ̀ tán, abẹ́ odò àtijọ́ tí ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá a lọ, kòtò ibẹ̀ sì lè jìn ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọkùnrin bíi mẹ́jọ á para pọ̀ wa ẹyọ kan, wọ́n á fi pákó gbé ògiri rẹ̀ ró kó má baà ya lù wọ́n, wọ́n á máa gbọ́n omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n sì lè kan ìsàlẹ̀ kí wọ́n má bá nǹkan kan. Ẹ wo ẹni tó wà nísàlẹ̀ yẹn, tó ń di ẹrẹ̀ sínú korobá kí ẹnì kejì lè fà á sókè. Lójijì ni ariwo “Joe! Joe!” sọ. Ara orúkọ gómìnà Charles Joseph La Trobe ni wọ́n ti yọ ọ́, láti fi ta ara wọn lólobó pé ọlọ́pàá ti dé. Ó di kó fi okùn gòkè wá fi ìwé hàn. Bó bá jẹ́ pé inú àgọ́ ló fi í sí kí omi má baà bà á jẹ́, ó ti jẹ̀bi, torí ara rẹ̀ ni òfin ní kó wà. Wọ́n a máa fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹni tí wọ́n bá mú mọ́ igi títí wọ́n á fi gbé e dé iwájú adájọ́.

Àwọn kan ń gbè sẹ́yìn ìjọba, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé gbá dànù. Èrò Victoria, tó jẹ́ nǹkan bí 77,000 lọ́dún 1851, ti lé ní 230,000 nígbà tó fi di 1854. Ta ni yóò la ọ̀nà, ta ni yóò sanwó ọlọ́pàá tó ń sin wúrà lọ sí Melbourne? Owó gbọ́dọ̀ wọlé, lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgùntàn lórí ilẹ̀ ìjọba lè san pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ́dún, nígbà tí ti awakùsà tí kò rí nǹkan kan jẹ́ pọ́n-ùn 18, kò sì lè dìbò. Owó nìkan kọ́ ló sì ń bí wọn nínú. Ìjọba dín in kù sí pọ́n-ùn kan lóṣù bí ọdún 1853 ṣe ń parí lọ, síbẹ̀ inú wọn ò rọ̀. Ìgbà tí gómìnà tuntun, Sir Charles Hotham, ní kí ọlọ́pàá máa yẹ ìwé wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní 1854 ni ọ̀rọ̀ wá gbiná.

Lọ́jọ́ 29 oṣù kọkànlá, àwọn awakùsà dáná sun láísẹ́ǹsì wọn ní Bakery Hill. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọlọ́pàá tún jáde wá yẹ ìwé wò. Peter Lalor, ọmọ Ireland, ló ṣáájú wọn búra lábẹ́ àsíá Southern Cross, wọ́n sì fi pákó ṣe ọgbà yí ara wọn ká ní Eureka. Ìdájí ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù kejìlá, ni ṣọ́jà ya bò wọ́n. Awakùsà tó kú lé ní ogún. Lalor pàdánù apá kan. Ìjọba ní àjèjì ló dá ìjà náà sílẹ̀, wọ́n sì fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan ẹni 13. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé dé kóòtù ni John Joseph, aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà. Àwọn ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kò jẹ̀bi, ni èrò bá gbé e lórí àga yí Melbourne ká. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dá gbogbo àwọn yòókù sílẹ̀. Ìjà àjèjì wo ni ará Melbourne ìbá tún dá láre?

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ìjọba tún ní àyípadà ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, pé kí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ni Hotham ti yan ìgbìmọ̀ tó máa yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ariwo awakùsà ló mú un yàn wọ́n. Lọ́dún 1855, ìwé tuntun rọ́pò láísẹ́ǹsì: pọ́n-ùn kan lọ́dún, ẹ̀tọ́ ìbò sì wà nínú rẹ̀. Ara wúrà tó bá ń jáde ní Victoria ni wọ́n wá ń gba owó orí, ṣílè méjì ààbọ̀ lórí áúnsì kan, kó jẹ́ ẹni tó rí ni yóò san. Kí ọdún náà tó parí, Lalor ti wọ ilé aṣòfin gẹ́gẹ́ bí aṣojú Ballarat. Àmọ́ ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé owó ibodè pọ́n-ùn mẹ́wàá lé orí ọmọ Ṣáínà kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní Victoria. Ọkọ̀ wá ń já wọn sí Robe, ní South Australia, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ fẹsẹ̀ rìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, pẹ̀lú ẹrù lórí ọ̀pá léjìká, lọ síbi tí wúrà wà.