PS 186 ní Harlem: Ilé-Ẹ̀kọ́ Tó Di Ibùgbé Mẹ̀kúnnù

Ní West 145th Street ní Harlem, nílùú New York, ilé alájà márùn-ún kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1903. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni; PS 186 ni wọ́n ń pè é. C. B. J. Snyder, tó ń bójú tó kíkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà nígbà yẹn, ló yàwòrán rẹ̀. Ó ya á bíi lẹ́tà H, kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè ráyè wọ kíláàsì.

Ní 1975, ọdún tí gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé New York ṣubú, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Ní 1986, ẹgbẹ́ Boys and Girls Club ti Harlem ra ilé náà ní $215,000, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn yóò tún un ṣe láàárín ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta kọjá, ogún ọdún kọjá, ilé ṣì wà bẹ́ẹ̀. Òrùlé jò, igi hù nínú kíláàsì, ó sì yọrí jáde lójú fèrèsé.

Ní nǹkan bí 2010, ẹgbẹ́ náà fẹ́ wó o lulẹ̀, kí wọ́n kọ́ tuntun. Àwọn ará àdúgbò yarí pé àwọn ò gbà. Ẹ̀yìn àtakò yìí ni wọ́n tún èrò pa. Ní 2016, ilé náà ṣí padà: ibùgbé 79 tí owó rẹ̀ kò ga ju agbára lọ, àti àyè fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ náà.

Ẹnì kan lè sọ pé ibùgbé 79 kéré lójú àìní Harlem. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fèrèsé ńlá àti àjà gíga tó dára fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ dára fún ẹni tó ń gbélé pẹ̀lú. Bó bá sì jẹ́ pé olówó nìkan ni wọ́n tún un ṣe fún, ògiri là bá gbà là, àwọn tó jà fún un ì bá máa wò ó láti ìta.

Ohun tó dùn mí ni iye ọdún tó lọ. Ọmọ tí wọ́n bí ládùúgbò náà lọ́dún tí wọ́n ti PS 186 ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógójì kí iná tó tún tàn níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ilé àtijọ́ kan bá ń wó lọ lójú wa, ẹ má jẹ́ ká dúró dìgbà tí igi bá hù nínú rẹ̀ ká tó béèrè ẹni tó lè gbé ibẹ̀.