Ògiri Tó Lanu: Ìtàn Àrùn Iyùn ní Òkun Florida

Iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, egungun ẹ̀dá inú òkun ni. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń kọ́ àpáta sínú òkun Florida, ní Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ sọ ìtàn wọn. Ọ̀kan nínú wọn a máa yọ ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín, àwọn ẹja sì ń sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀ka rẹ̀.

Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ rí àpá funfun lára iyùn oníwo yìí nítòsí ìlú Key West. Ibi tí àpá náà bá dé, ẹran ara iyùn a bọ́, a ku egungun lásán. Wọ́n pe àrùn náà ní white pox. Nígbà tó fi máa di ọdún 2002, iyùn oníwo tó kù níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún.

Ta ló pa á? Ní ọdún 2002 kan náà, wọ́n dárúkọ bakitéríà kan, Serratia marcescens, tó tún máa ń gbé inú ìfun ènìyàn. Ní ọdún 2011, Kathryn Sutherland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí tó wá láti inú omi ìgbẹ́ kan iyùn tó lera. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iyùn náà ṣàìsàn. Ó wá dà bí ẹni pé ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kí ló la ògiri iyùn? Omi yíyọ̀ bí ikun ló bo iyùn lára, àìmọye kòkòrò àìfojúrí sì ń gbé inú rẹ̀. Ní ọdún 2006, Kim Ritchie fi hàn pé omi yíyọ̀ ara iyùn oníwo tó lera kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò àjèjì gbilẹ̀; àwọn kòkòrò rere inú rẹ̀ wà lára àwọn tí ń ṣe ẹ̀ṣọ́ náà. Ṣùgbọ́n èyí tó bù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, nígbà tí òkun gbóná tí àwọ̀ iyùn sì ṣí, kò ní agbára yẹn mọ́. Àwọn bakitéríà Vibrio ti wá pọ̀ ju àwọn onílé lọ.

Ìgbẹ́ ènìyàn ló gbé aláǹgbá wá. Ooru ló la ògiri. Àwọn ará Florida ná owó ńlá láti máa wẹ omi ìdọ̀tí wọn mọ́, wọ́n sì ṣe dáadáa. Síbẹ̀, ooru òkun ọdún 2023 pa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iyùn oníwo tó ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba iyùn là gbọ́dọ̀ lé aláǹgbá, kó sì tún dí ògiri.