Orin tó ti London lọ sí Èkó



Bí ẹ bá jókòó sí yàrá yín ní Alibon níhìn-ín, tí ẹ tẹ orúkọ olórin kan sórí fóònù, orin tí wọ́n gbé jáde ní Èkó láàárọ̀ yóò ti wà létí yín kí omi tí ẹ gbé kaná tó hó. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, orin Yorùbá ti rin ọ̀nà yìí rí, àmọ́ láti London ló ti ń lọ sí Èkó.

Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wá sí London láti Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin òbí mọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ dáadáa: Fẹlá ni. Orin ìjọ ni bàbá yìí kọ, ní èdè Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, orin 43 lápapọ̀. Orí àwo dúdú ni wọ́n ń tẹ orin sí nígbà náà, àwo tó wúwo, tó sì ń fọ́ bí abọ́ tánganran bí ó bá já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé Èkó, ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ ní giramafóònù, tàbí kó mọ ẹni tó ní in. (Nígbà mìíràn tí ẹ bá ń ráhùn pé íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín kò yá, ẹ rántí wọn.)

Láàárín 1927 sí 1929, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn tún kọrin fún Zonophone ní London. Ọ̀kan nínú wọn ni Domingo Justus, tó kọrin ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà, àwọn àwo wọ̀nyí dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà níbi tí ilé-iṣẹ́ EMI ń kó nǹkan pamọ́ sí ní Hayes. Ní 2008, Honest Jon's kó díẹ̀ nínú wọn jọ, wọ́n sì pe àkójọ náà ní Living Is Hard. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọmọ Dagenham lè gbọ́ Domingo Justus lónìí. Ká ní ẹnìkan ti da àwọn àwo náà sí ààtàn ńkọ́?

Kásẹ́ẹ̀tì la bá dàgbà, àwa òbí. Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà á kì í sáàárín gàrí àti èlùbọ́. A máa ń da orin kọ láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì, a kò sì kà á sí olè, bẹ́ẹ̀ olórin kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ní 1995, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Jámánì sọ irú fáìlì tuntun kan ní .mp3. Ó fún orin pọ̀ débi pé ó kéré tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àdàkọ wá rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé ìtajà iTunes ṣí ní ilẹ̀ yìí ní 2004, ṣùgbọ́n Spotify kò dé Nàìjíríà títí di 2021. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ń daunlóòdù orin tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn olórin kan ló fi orin tiwọn síbẹ̀ fúnra wọn kí ayé lè mọ̀ wọ́n. Àwọn mìíràn, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Ẹ máa wò ó dáadáa bóyá olórin ló gbé e síbẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Bí ẹ bá ń wá orin àtijọ́, ẹ fi àkọtọ́ àtijọ́ wá a. Ìṣọ̀lá la máa ń kọ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n Haruna Ishola ló wà lára àwo bàbá alápàlà náà.

Orin púpọ̀ ṣì wà tí kò tíì dé orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àpótí ìyá àgbà yín lè jẹ́ ọ̀kan, téèpù inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jù ú nù nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ ilé mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi wọ́n léèrè ta ló kọ ọ́, níbo ni wọ́n ti rà á, ọdún wo sì ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.