Afẹ́fẹ́ ni àbí omi? Ìbéèrè tó dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn Katrina

Ìtàn tòní dá lórí ilé, omi àti owó. Ẹ jẹ́ ká lọ sí etíkun ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2005, ọjọ́ tí ìjì Katrina jà níbẹ̀.

Katrina pa èèyàn tó lé ní 1,300. Ní New Orleans, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ògiri tí wọ́n mọ láti dá omi dúró ya, omi sì bo nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà. Ní Mississippi, òkun fúnra rẹ̀ ló dìde wọ ìlú. Nígbà tí àwọn onílé padà dé, ọ̀pọ̀ wọn ò bá nǹkan kan àfi ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ilé dúró lé tẹ́lẹ̀. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wọn. Ìbéèrè tó pàdé wọn ni pé: ṣé afẹ́fẹ́ ló wó ilé yín ni, àbí omi?

Ẹ lè ní kí ló kàn án, ṣebí ilé ti lọ. Ó kàn án gan-an. Láti ìgbà tí odò Mississippi ti kún àkúnya lọ́dún 1927 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti sá fún omíyalé. Ìnṣọ́ránsì ilé sábà máa ń sanwó bí páìpù bá bẹ́ lójijì, tàbí bí ìjì bá ṣí òrùlé tí òjò sì wọlé. Ṣùgbọ́n omi tó bá gba ilẹ̀ wọlé, láti odò tàbí òkun, kò sí nínú àdéhùn. Omi náà ni gbogbo ẹ̀ o. Ibi tó gbà wọlé ló yàtọ̀.

Ìjì Betsy ba Louisiana jẹ́ lọ́dún 1965. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 1968, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin tó dá ìnṣọ́ránsì omíyalé sílẹ̀. Lásìkò Katrina, owó tó pọ̀ jù tí èyí lè san lórí ilé kan ni $250,000, pẹ̀lú $100,000 lórí ẹrù inú rẹ̀. Láti ọdún 1983, ìjọba gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni máa bá òun tà á, kí wọ́n sì máa yẹ ilé tó bá bàjẹ́ wò.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń pinnu ohun tó wó ilé. Tó bá ní afẹ́fẹ́ ni, àpò ara rẹ̀ ni owó ti máa jáde. Tó bá ní omi ni, ìjọba ló máa san án. Àfi bí ẹni ní kí ológbò máa ṣọ́ ẹja.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ ẹni ńlá. Trent Lott, sẹ́nétọ̀ Mississippi, pàdánù ilé rẹ̀ ní Pascagoula, òun náà sì pe State Farm lẹ́jọ́ kí wọ́n tó yanjú rẹ̀ lọ́dún 2007. Lọ́dún yẹn kan náà, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ fún àwọn ará New Orleans pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri tí èèyàn mọ ló ya, omíyalé ṣì ni.

Ẹjọ́ tó tú àṣírí jù ni ti ilé kan ní Biloxi. Ẹnjiníà àkọ́kọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ ló bà á jẹ́. Wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò mìíràn. Ìwé kejì ní omi ni. Ìjọba ló san $250,000. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì kan, obìnrin, tí wọ́n ń bá State Farm ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò, rí ìwé àkọ́kọ́, tí wọ́n ti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ pé kí wọ́n má jíròrò rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Lọ́dún 2013, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní State Farm fi irọ́ gba owó ìjọba lórí ilé yẹn. Ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù tó ga jù lọ pé kí wọ́n da ẹjọ́ náà nù, kóòtù náà kò gbà fún un lóṣù kejìlá ọdún 2016.

Kí ló wá kàn wá? Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé Houston. Nígbà tí ìjì Harvey fi omi bo ìlú náà lọ́dún 2017, ọ̀pọ̀ ilé tí omi wọ̀ ni kò ní ìnṣọ́ránsì omíyalé. Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí níbẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ìnṣọ́ránsì méjèèjì ni wọ́n ní. Ti ìjọba kì í sábà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ọjọ́ 30 fi pé, nítorí náà kì í ṣe ìgbà tí òjò bá ṣú ni wọ́n ń rà á. Tí omi bá sì ti wọlé, kí wọ́n ya fọ́tò òrùlé àti ibi tí omi ga dé lára ògiri kí wọ́n tó nu ohunkóhun. Ọjọ́ 60 ni òfin fún wọn láti kọ gbogbo ohun tó bàjẹ́ kalẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Kí wọ́n tọ́jú gbogbo ìwé tí wọ́n bá fún wọn. Ní Biloxi, ìwé kan ṣoṣo tí kò sọnù ló gbé òótọ́ jáde.